Ẹ̀yà Ara Kẹ̀kẹ́ Ológeere: Bí Wọ́n Ṣe Dé, Bí A Ṣe Ń Yàn Wọ́n àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Wọn

Ìfáàrà

Nígbà tí odidi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá ní 1884, ọ̀rọ̀ náà 'kẹ̀kẹ́' ti wà nínú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ni àwọn atúmọ̀ pe ohun tí ẹṣin ń fà lọ sójú ogun. Kẹ̀kẹ́ náà ni wọ́n pe ohun oníná tí ó la àárín Èlíjà àti Èlíṣà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1885, John Kemp Starley ti ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kẹ̀kẹ́ kan jáde tí ó pè ní Rover: ẹsẹ̀ méjì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ara wọn, ṣéènì tí ń fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìjókòó láàárín. Ọmọ Rover yìí ni kẹ̀kẹ́ ológeere tí a mọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Orúkọ ti wà nílẹ̀ tí ó ń dúró de ẹni tí yóò jẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa mọ̀ pé nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ àyálò, 'táyà' àti 'ṣéènì' kì í jìnnà sí ẹnu wa. A ó ní kí ọmọ wo bí kọ́ńsónáǹtì tí èdè wa kò ní ṣe di 'ṣ', kí ó wo bí fáwẹ̀lì ṣe kún ìparí ọ̀rọ̀, ó parí. A kì í béèrè ìdí tí ṣéènì fi jẹ́ àyálò tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìtàn àwọn ẹ̀yà náà fúnra wọn ni ó lè dá wa lóhùn: bí a ṣe ṣe wọ́n, bí a ṣe ń rà wọ́n, àti bí àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ṣe ń tọ́jú wọn. Ìtàn náà ni a fẹ́ sọ níhìn-ín. Ó kan àwa tí a ń yẹ ìwé ìdánwò wò pàápàá, nítorí máàkì ọmọ ọlọ́mọ wà nínú rẹ̀.

Irin

Igi ni baba ńlá kẹ̀kẹ́. Karl von Drais ti ìlú Mannheim ní ilẹ̀ Jámánì gun irú rẹ̀ jáde ní 1817. Igi ni ara rẹ̀, kò ní pẹ́dà, ẹni tí ó jókòó sórí rẹ̀ ni ó ń fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ kí ó tó lọ. Láàárín 1860 sí 1870 ni wọ́n fi pẹ́dà sí ẹsẹ̀ iwájú ní Paris, ní ilé iṣẹ́ Michaux. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ iwájú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi sí i, nítorí pé bí pẹ́dà bá yí lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ náà yí lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tí ó bá fẹ́ sáré, àfi kí ó gun ẹsẹ̀ tí ó ga tó ejìká ènìyàn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣubú, orí ni ó fi ń kanlẹ̀.

Nǹkan méjì ni a jogún láti ìgbà kẹ̀kẹ́ gíga yìí. Èkíní ni sípóòkù. James Starley, tí John Kemp jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀, ṣe ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan ní 1874 tí sípóòkù rẹ̀ kò dojú kọ àárín họ́bù gan-an, ṣùgbọ́n tí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tí wọ́n sì ń dábùú ara wọn. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ èyíkéyìí lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni. Sípóòkù kì í gbé ẹrù bí òpó ṣe ń gbé òrùlé. Fífà ni a fà á le, bí a ṣe ń fa awọ ìlù. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò lè mọ ìdí tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ fi ń wọ́ lẹ́yìn tí sípóòkù kan ṣoṣo bá já. Èkejì ni bọ́ọ̀lù wẹẹrẹ inú họ́bù, tí Jules Suriray ará Faransé gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1869.

Ṣéènì ni ó lé ẹsẹ̀ ńlá wọlé. Hans Renold, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, ṣe ṣéènì oníróólà ní 1880. Bí eyín iwájú bá jẹ́ 48 tí ti ẹ̀yìn sì jẹ́ 16, yíyí pẹ́dà kan yóò yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní ìgbà mẹ́ta. Kò sí ìdí mọ́ láti gun òkè. Ní nǹkan bí ìgbà kan náà, ní 1885, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Mannesmann ní Jámánì rí ọ̀nà láti da odidi irin gbígbóná lu ní àárín títí yóò fi di páìpù tí kò ní ojú ìsopọ̀. Ní 1897, Alfred Reynolds ti Birmingham gba ìwé àṣẹ fún páìpù tí ó nípọn ní orí méjèèjì, níbi tí wàhálà pọ̀ sí, tí ó sì fẹ́lẹ́ ní àárín.

Kí a má tan ara wa jẹ: irú páìpù Reynolds yìí kọ́ ni ó wà nínú kẹ̀kẹ́ tí àwọn bàbá wa gùn. Irin lásán tí ó nípọn ni tiwọn, ó sì wúwo. Ṣùgbọ́n irin yẹn ni ó bá ọ̀nà wa mu. Irin máa ń wọ́ kí ó tó ṣẹ́, ó ń kìlọ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Bí ó bá sì ṣẹ́, wẹ́dà ìlú kékeré lè fi idẹ jó o pọ̀ padà, nítorí idẹ náà ni ilé iṣẹ́ fi jó o pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ alumínìọ́mù tí ó dé lẹ́yìn kò gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ wẹ́rẹ́. Èyí ni ìdí àkọ́kọ́ tí kẹ̀kẹ́ irin fi pẹ́ láyé, kì í ṣe nítorí pé a fẹ́ràn ohun àtijọ́.

Ní ìparí àwọn ọdún 1880, Frank Bowden wọ inú iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ kékeré kan ní òpópónà Raleigh ní ìlú Nottingham. Orúkọ òpópónà yẹn ni ó di orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀. Raleigh gba kẹ̀kẹ́ Humber mọ́ra ní 1932, ó gba Rudge ní 1943, ó gba ti BSA ní 1957. Ní 1960 ni àwọn tí wọ́n ni Phillips àti Hercules da tiwọn pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lẹ́yìn ọdún náà pé Raleigh dára ju Hercules lọ, inú ìkòkò kan náà ni ọbẹ̀ méjèèjì ti ń wá.

Rọ́bà

Apá yìí ni ó kan ilẹ̀ wa jù, ó sì yẹ kí á dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Táyà líle ni kẹ̀kẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ní. John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹranko tí ó ń gbé ní Belfast, ni ó fi rọ́bà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ sí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀, ó sì gba ìwé àṣẹ lé e ní 1888. Robert Thomson ti ronú irú rẹ̀ ṣáájú, ó ti gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ láti 1845, ṣùgbọ́n kò tíì sí kẹ̀kẹ́ tí yóò lò ó nígbà náà. Láàárín ọdún díẹ̀, kò sí ẹni tí ó fẹ́ gun táyà líle mọ́. Gbogbo ọjà àgbáyé wá ń wá rọ́bà.

Inú igbó ilẹ̀ Yorùbá ní igi tí ń sun oje rọ́bà wà. Ní 1894, rọ́bà tí ó gba èbúté Èkó jáde kò tó nǹkan. Ní 1895, ó ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ ní ìwọ̀n. Àwọn ènìyàn fi oko sílẹ̀, wọ́n wọ igbó lọ kọ igi. Ìbàdàn kò gbẹ́yìn nínú rẹ̀, àwọn oníṣòwò Èkó sì ń sáré lọ bá wọn. Kì í ṣe táyà kẹ̀kẹ́ nìkan ni ó ń gba rọ́bà náà lọ, ṣùgbọ́n láìsí táyà kẹ̀kẹ́, ìpè náà ì bá má le tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò tíì pọ̀ láyé ní 1895.

Igi tí ó yẹ kí a máa gba oje lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí a sì fún un ní ìsinmi, ni a ń kọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè títí ó fi gbẹ. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, òwò náà ti wó lulẹ̀. Nítorí náà, kí kẹ̀kẹ́ tó wọ́pọ̀ ní ìletò wa, igbó wa ti san nínú owó rẹ̀. Rọ́bà tí ó lọ ní ìṣù padà wá ní táyà àti tíúbù, ó sì gba orúkọ Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ láti ìrìn àjò.

Yíyàn: nọ́ńbà tí ń tan ni jẹ

Kẹ̀kẹ́ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni oní 28, èyí tí a kọ 28 × 1½ sí ara táyà rẹ̀. Rììmù rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 635 níbi tí etí táyà jókòó sí. Ṣùgbọ́n táyà mìíràn wà tí a tún ń pè ní 28, tí ó jẹ́ ti mìlímítà 622. Wọn kò lè wọ ara wọn láé. Bákan náà ni 26 × 1⅜ jẹ́ mìlímítà 590, nígbà tí 26 × 1.75 jẹ́ 559. Ẹ jẹ́ kí á wo èyí tí ó kẹ́yìn yìí dáadáa: olùkọ́ ìṣirò yóò sọ pé 1¾ àti 1.75 dọ́gba, òótọ́ sì ni lórí pátákó. Lórí táyà, irọ́ ni. 26 × 1¾ jẹ́ 571. Ẹni tí a rán lọ́jà tí ó gbọ́ 'oní 26' nìkan lè mú èyíkéyìí bọ̀. Nọ́ńbà oní mìlímítà, tí àwọn ilé iṣẹ́ wá fohùn ṣọ̀kan lé lórí lẹ́yìn, ni ó yẹ kí olùrajà kà.

Ọ̀rọ̀ tíréèdì burú ju ti táyà lọ. Tíréèdì 24 nínú ínṣì kan ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn aṣekẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ń gbẹ́ sí ọrùn kẹ̀kẹ́ àti sí ibi tí ọ̀pá pẹ́dà gbà kọjá. Raleigh gbẹ́ 26 sí tirẹ̀. Kò sí àǹfààní kan tí ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ rí nínú èyí; ilé iṣẹ́ ni ó fẹ́ kí a máa padà wá sọ́dọ̀ òun. Bí atúnkẹ̀kẹ́ṣe bá fi agbára wé 24 mọ́ 26, yóò kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ó wọlé, lẹ́yìn náà ni yóò jẹ ara irin náà run. Nígbà tí orúkọ Hercules àti Phillips sì bọ́ sábẹ́ Nottingham, orúkọ ara kẹ̀kẹ́ kò tó láti fi mọ tíréèdì inú rẹ̀ mọ́. Ní èrò tèmi, ìwà ilé iṣẹ́ náà nínú ọ̀ràn yìí kò dára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára púpọ̀.

Sípóòkù ni kò fa ìjà. Àṣà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni láti fi 32 sí ẹsẹ̀ iwájú, kí wọ́n fi 40 sí ti ẹ̀yìn tí ó ń gbé ẹrù. Méjìlélọ́gbọ̀n àti ogójì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ méjìléláàádọ́rin. Olùkọ́ tí ó ń wá àpẹẹrẹ fún òǹkà Yorùbá kò ní láti lọ jìnnà.

Ìtọ́jú

Ṣéènì kì í gùn nítorí pé irin rẹ̀ fà bí rọ́bà. Inú ìsopọ̀ rẹ̀ ni ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀, erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ wa tí ó dà pọ̀ mọ́ epo sì ń ràn án lọ́wọ́ bí ìyanrìn tí a fi ń họ ìkòkò. Ìsopọ̀ kan jẹ́ ààbọ̀ ínṣì; nítorí náà, ìsopọ̀ 24 gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì 12 géérégé. Bí a bá fi rúlà wọ̀n ọ́n tí ó ti kọjá rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì, ṣéènì náà ti kú. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò yóò pààrọ̀ eyín iwájú àti ti ẹ̀yìn mọ́ ọn, nítorí ṣéènì gígùn máa ń yọ eyín wọn sí ṣóńṣó. Ó yẹ kí a máa nu ṣéènì kí a tó ta epo sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ta epo lé erùpẹ̀ lórí.

Kọ́tà ni ìránṣẹ́ tí a kì í dárúkọ. Irin kékeré ni, tí apá kan rẹ̀ pẹlẹbẹ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òun ni ó di apá pẹ́dà mọ́ ọ̀pá ìsàlẹ̀. Òòlù ni a fi ń wọlé fún un, pẹ̀lú ohun líle tí a gbé sábẹ́ apá pẹ́dà kí bọ́ọ̀lù inú má baà gba ìlùkù náà. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà láti mú un dúró lásán ni. Ẹni tí ó bá fi nọ́ọ̀tì fà á wọlé yóò bọ́ tíréèdì rẹ̀, pẹ́dà yóò sì máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n ní gbogbo ìgbà tí ó bá yí. Kọ́tà ọ̀tún àti ti òsì sì gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn síra wọn, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ apá pẹ́dà méjèèjì kò ní wà ní ọ̀kánkán.

Pẹ́dà òsì pàápàá ní èèwọ̀ tirẹ̀: òdì ni a ń tú u. Ọmọ iṣẹ́ tí kò bá tíì mọ èyí yóò máa fún un le, yóò rò pé òun ń tú u ni.

Ti bíréèkì, tàbí ìjánu, ni mo fẹ́ fi ta ko èrò ọ̀pọ̀ àgbà. Wọ́n ń yin ìjánu onírin gbọọrọ, èyí tí ó ń fa rọ́bà sókè kan inú rììmù. Ìyìn náà tọ́ ní apá kan: kò ní wáyà tí yóò já, àti pé bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá tilẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú òjò, rọ́bà lórí irin dídán kì í di nǹkan mú. Ẹni tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè lásìkò òjò gbọ́dọ̀ ti tẹ ìjánu kí ó tó débi tí ó fẹ́ dúró sí, kí omi lè kọ́kọ́ nù kúrò. Rììmù alumínìọ́mù sàn jù ú lọ níhìn-ín, bí irin tilẹ̀ sàn jù ú lọ níbi gbogbo mìíràn.

Àwọn tí ọwọ́ wọn ká a ra kẹ̀kẹ́ tí ó ní gíà mẹ́ta nínú họ́bù. Sturmey-Archer ni orúkọ rẹ̀, láti ara orúkọ Henry Sturmey àti James Archer; 1902 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Bowden. Irú tí a pè ní AW jáde ní 1936. Gíà kìíní ń dín yíyí ẹsẹ̀ kù sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìkejì fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà, ìkẹta fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún un. Epo díẹ̀ láti ojú ihò tí ó wà lára họ́bù ni oúnjẹ rẹ̀. Bí a bá fi í sí gíà kejì, èjìká irin tí ṣéènì kékeré rẹ̀ so mọ́ gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú orí ọ̀pá họ́bù. Ojú fèrèsé ara nọ́ọ̀tì ni a ti ń wò ó. Bí kò bá dọ́gba, àlàfo kan wà láàárín gíà kejì àti ìkẹta tí ẹsẹ̀ yóò já sí lójijì, èyí sì ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣubú. Àwọn tí wọ́n sọ pé gíà inú họ́bù kò dára, wáyà ni wọn kò fà bí ó ti yẹ.

Orúkọ

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà sí ìbéèrè wa. Bí a bá to orúkọ àwọn ẹ̀yà náà síwájú, ohun kan hàn. Ibi tí ara ẹni tí ń gùn ún kàn ni ó sábà máa ń ní orúkọ ilé: ọwọ́, ìjókòó, agogo, ìjánu. Ohun tí a ń rà ní ẹyọ ẹyọ láti ṣọ́ọ̀bù ni ó ní orúkọ àyálò: ṣéènì, tíúbù, kọ́tà, kóònù, sípóòkù, fíríìwíìlì. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sára páálí ni ẹni tí ń ta ọjà ń pè, òun ni ọmọ iṣẹ́ sì ń gbé dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Pẹ́dà kò tẹ̀ lé òfin yìí, nítorí ẹsẹ̀ kàn án. Ṣùgbọ́n a ń ra pẹ́dà lọ́pọ̀ ìgbà, a kì í sì í ra ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìlò ẹṣin náà wà níbẹ̀. A ń gun kẹ̀kẹ́ bí a ṣe ń gun ẹṣin, a kì í wà á bí ọkọ̀ ojú omi. Ìjánu ẹṣin ni ó di ìjánu kẹ̀kẹ́. Síbẹ̀, gàárì kò tẹ̀ lé wọn. Awọ ni wọ́n fi ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n ìjókòó ni a pe ti kẹ̀kẹ́.

Ó wá kù bí àwa olùyẹ̀wò ṣe ń fi máàkì fún un. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní 1984, àti apá kejì rẹ̀ ní 1990, ti ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀ nínú ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan iṣẹ́ ọwọ́. Nítorí náà, olúkúlùkù ló ń dá tirẹ̀ ṣe. Olùkọ́ mìíràn á fa ìlà pupa sábẹ́ 'ṣéènì' nínú àròkọ ọmọ, á kọ 'ẹ̀wọ̀n' sórí rẹ̀. Ẹ rán ọmọ náà lọ sí ìsọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe pé kí ó ra ẹ̀wọ̀n wá, kí ẹ wo bí kò bá ní mú èyí tí a fi ń so ajá bọ̀. Ọmọ tí ó kọ ṣéènì ní àkọtọ́ tí ó péye, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, ti kọ Yorùbá tí àwọn oníṣẹ́ ń sọ. Kò yẹ kí ó pàdánù máàkì. Ẹni tí ó kọ 'chain' sáàárín gbólóhùn Yorùbá ni a lè bá wí.

Ìṣòro tí ó ju èyí lọ wà níwájú. Iṣẹ́ ṣíṣe ara kẹ̀kẹ́ parí ní Nottingham ní 1999, ilé iṣẹ́ náà sì tilẹ̀kùn ní 2002. Wọ́n ta Sturmey-Archer ní 2000, SunRace ti ilẹ̀ Taiwan ni ó rà á, ibẹ̀ ni họ́bù onígíà mẹ́ta náà ti ń jáde báyìí. Táyà 28 × 1½ ṣì ń ti India wá. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà ti gba iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, àwọn ọ̀gá tí wọ́n mọ gbogbo orúkọ wọ̀nyí sì ti ń dàgbà. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá lọ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wọn nígbà ìsinmi, ọ̀rọ̀ kọ́tà ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tuntun kò ní kọ́tà mọ́.